Ohùn Láti Ìdí Agbada

Ìyàwó ọmọ mi kì í ka àwọn ọmọ rẹ̀. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Pípè ló máa ń pè wọ́n. Nínú ọlidé oṣù kẹjọ, bó bá ń yan gààrí, á kígbe láti ìdí agbada: "Ẹ̀yin ìpáǹle mi dà o?" Kálukú á dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, àbíkẹ́yìn ò dáhùn. A wo kànga, ó wà ní ṣíṣí. Ìyá rẹ̀ dì mí lọ́wọ́ mú.

"Màámi, ẹ bá mi wò ó."

Mo bẹjú wò ó. Ojú ara mi nìkan ni mo rí nínú omi. Ẹ̀yìn àpò gààrí la ti bá ọmọ, ó ń sùn.

Àwọn ọmọ ti padà sílé ìwé báyìí. Síbẹ̀, ó ṣì ń pè. Èmi ni mo ń dáhùn, kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀.