Mọ́tò Rìmóòtù Tí Kò Gba Iná Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ tí mi ò ní gbàgbé ni Sátidé tí Àǹtí tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Kétu gba mọ́tò rìmóòtù tí ìyá mi rà fún mi kí wọ́n tó kú.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń ki bátìrì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá mi, kò gba iná. Àǹtí gbé e fún Dèjì, ọmọ wọn. Dèjì ki bátìrì náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀, iná tàn.

"Gbogbo ohun tó o bá fọwọ́ kàn ló ń kú," Àǹtí ní. "Bí ti ìyá ẹ náà nìyẹn."

Ọkọ wọn wá ki ṣájà fóònù wọn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá mi, kò gba iná.

"Dádì Dèjì, ẹ gbé e wá sí pálọ̀," Àǹtí pariwo. "Mo ti ní kí oníná já wáyà ibẹ̀, kọ́mọ yẹn má jẹ yúníìtì iná tá a rà tán."

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì. Dèjì ṣì ń wa mọ́tò náà kiri.