Bọ́tìnnì Fóònù Tó Kú àti Ìpè Tí Mo Ń Retí

Bọ́tìnnì tí ń tan fóònù mi ti kú. Ìpè tàbí iná mànàmáná nìkan ló ń jí i.

Láàárọ̀ yìí tí iná kò sí ní Dowa tí mò ń gbé, fóònù náà dún. Mo rò pé Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ni, láti Paris.

"Aló, ta nìyẹn?" Ohùn àjèjì ni.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé wọn kì í kí ènìyàn nílé yín ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ káàárọ̀. Mo ṣi nọ́ńbà pè ni."

Ojú fóònù ṣì mọ́lẹ̀. Mo wá orúkọ Àbẹ̀kẹ́ kàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ni í kọ́kọ́ kí bàbá. Bí mo ti ń rò ó, ojú fóònù ṣókùnkùn.

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àárò ọmọ mi ń sọ mí. Ẹ̀yin òbí, ṣé kí n pè é? Ẹ tètè fèsì, kí iná tó lọ.