Àfojúsùn Tí Ọwọ́ Ti Tó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo dágbére fún ìyá mi ní Ìjurin. Aṣọ tútù ni ó fi bo fèrèsé, nítorí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta kò jìnnà sí wa, ikọ́ fée sì ti fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ rí.

“Ìsí lò ń lọ bá?” Bí àwọn àgbà wa ṣe ń béèrè ta ni nìyẹn; ilé gan-an, ulé ni wọ́n ń pè é.

Mo ní ìjọba ni. Wọ́n pe gbogbo ìlú sí Ẹ̀fọ̀n láti fi àfojúsùn lélẹ̀ lórí eruku kíkúnná, èyí tí ojú kì í rí, tí ń bá èémí wọlé tí kì í jáde mọ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni àdúgbò fi rán mi: kí wọ́n pàṣẹ fún àwọn tó ń fọ́ òkúta kí wọ́n máa bu omi sí i kí wọ́n tó fọ́ ọ.

Ọ̀kadà gbé mi dé Ìjerò, mo wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀dà ojú ọ̀nà ti lọ kí ìyá rẹ̀, ọyẹ́ sì ti bá eruku mulẹ̀. Mo bi awakọ̀, ọmọ Ọ̀ṣun kan, bóyá ó ń ríran.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Kò sí kòtò tí n ò mọ orúkọ rẹ̀.”

Ní Àrámọkọ mo ra bọ̀ọ̀lì. Eruku ti bò ó bí iyọ̀, obìnrin tó tà á kò sì gba owó eruku.

Orí òkè Ẹ̀fọ̀n, níbi tí èmi pàápàá ti mí kanlẹ̀, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tí ń wọn eruku sí. Ọ̀gá ìjọba tó darí ìpàdé ní àfojúsùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọwọ́ lè tó. Wọ́n wá yọ ọyẹ́ kúrò nínú ìṣirò, ti Ọlọ́run ni. Wọ́n yọ èéfín igi ìdáná, ti àwọn obìnrin ni. Wọ́n yọ eruku òkúta, olówó rẹ̀ kò wá sípàdé. Èyí tó kù ni àfojúsùn. Ẹ̀rọ sì fi hàn pé a ti dé ibẹ̀, la bá pàtẹ́wọ́.

Mo dìde, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” ni ọ̀gá wí, “ṣùgbọ́n bíbu omi kì í ṣe àfojúsùn. Iṣẹ́ ni.”

Inú bí mi. Omi kan ṣoṣo tí mo rí gbà níbẹ̀ ni piọ wọ́tà tí wọ́n pín fún wa. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́nà ilé ni pé kò sí ibi tó rọrùn láti dé bí ibi tí èèyàn kò kúrò.

Ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ láyà. Aṣọ ojú fèrèsé ti gbẹ, ó ti funfun.

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó dára ti dé.”

Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ulé ìsí ló dé sí?”