Itan Tó Gùn Ju Àyè Lọ

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìyá wa ń ta ẹ̀wà ní Sábó, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ga jù ládùúgbò wa. Ẹ̀yin ọmọ mi, bó bá jókòó sórí àpótí, orúnkún rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó wù ú ju kó máa wa bàálù ológun lọ.

Lẹ́yìn tó parí girama, ó kọ̀wé sí àwọn ológun, wọ́n sì pè é fún àyẹ̀wò ara. Bàbá wa tẹ̀ lé e lọ. Wọ́n wọn gíga rẹ̀, wọ́n wọn apá rẹ̀, wọ́n ní kó jókòó kó fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n wá wọ̀n ọ́n láti ìdí dé orúnkún. Ibẹ̀ ni dókítà ti mirí.

“Bàbá, itan rẹ̀ gùn jù. Àwọn òyìnbó tó ṣe bàálù yìí, ara tiwọn ni wọ́n fi wọn àyè ìjókòó rẹ̀. Bí ewu bá dé, ìjókòó yẹn ló máa ju awakọ̀ síta. Orúnkún ọmọ yín á gbá etí irin tó wà níwájú rẹ̀.”

Bàbá wa rò pé ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ fi ipò náà fún. Ó tọ ọ̀gá ológun kan tó jẹ́ ará ìlú wa lọ, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Bí wọ́n ṣe gba ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ ológun wálé, bàbá mú un rìn já Ẹnuwá, níwájú ààfin, kí gbogbo ayé lè rí i. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun.

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá fò ni ẹ́ńjìnnì bàálù rẹ̀ kú lójú ọ̀run. Ìjókòó náà jù ú síta lóòótọ́, aṣọ ńlá tó ń ṣí bí agboòrùn sì gbé e délẹ̀ láàyè. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti fọ́ mọ́ etí irin, bí dókítà ṣe wí gẹ́lẹ́. Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n gbé e wálé, ẹnu ọ̀nà yàrá ni bàbá dúró sí, kò lè wọlé.

“Bàbá, ẹ wọlé,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Èmi náà ni mo fẹ́ wa bàálù.”

Bàbá bú sẹ́kún. N kò rí i kó sunkún rí. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e lọ balùwẹ̀ mọ́, títí agbára fi tán nínú òun náà.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń wọn ara àwọn ọ̀dọ́ báyìí, wọ́n sì ń ṣe ìjókòó tó ṣeé tì síwá tì sẹ́yìn, kó lè gba onírúurú ènìyàn. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.

“Ó dára bẹ́ẹ̀,” ló wí. Ó wá kọjú sí ògiri.