Àtàǹpàkò Làsísì

Bí ẹ bá ti kọjá oríta Dọ̀pẹ̀mú díẹ̀, ẹ ó rí Làsísì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ilẹ̀ tó ń lò kì í ṣe tirẹ̀. Alhaji Abdulmumin, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú kan ládùúgbò, ló ni ín, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọ̀fẹ́ yẹn gan-an ni okùn ọrùn rẹ̀.

Nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, Alhaji yọjú.

"Làsísì, ẹnì kan ń bi mí nípa ilẹ̀ yìí o. Mo ní ẹni mi ló wà ńbẹ̀. Àbí ẹni mi kọ́ ni ẹ́?"

"Ìnṣàállàhù, Alhaji."

Nílé, Hassanat ọmọ rẹ̀ ń dúró dè é. Computer Village ló ti ń tún fóònù ṣe, kí àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ Alhaji tó fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ túútúú.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹgbẹ́ kejì ni kẹ́ ẹ dìbò fún. Ẹ má gbè sẹ́yìn àwọn tó ba tèmi jẹ́."

"Ìnṣàállàhù," ni Làsísì tún wí. Ṣé ẹ rí ọkùnrin yìí? Ìnṣàállàhù kan náà ló fi tan èèyàn méjì.

Ohun kan ló gbọ́kàn lé. Sìmẹ́ńtì ti jẹ gbogbo ilà àtàǹpàkò rẹ̀ tán. Bí ẹ̀rọ tó ń fi ìka dá olùdìbò mọ̀ bá kọ̀ ọ́, á padà sílé, kò sì ní já ẹnikẹ́ni kulẹ̀.

Lọ́jọ́ ìbò, ó tẹ̀ka, ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún kọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Obìnrin òṣìṣẹ́ ìbò tó mú ẹ̀rọ náà dání bá gbé e sókè.

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá. Ẹ wo ibí. Á fi ojú yín dá yín mọ̀."

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ náà dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Wọ́n fún un ní ìwé ìdìbò. Níbi tí Alhaji jókòó sí, ó ń rí ọwọ́ gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ka. Làsísì na ọwọ́ sí àmì ẹgbẹ́ kejì. Ó rántí ilẹ̀. Ó tẹ ti Alhaji.

Bó ṣe wọlé, Hassanat rí tàdáwà ìbò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, Bàbá mi. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé Alhaji á yí yín lọ́kàn padà. A máa borí wọn, àbí?"

Làsísì la ẹnu. Ìnṣàállàhù kọ̀, kò jáde.