Ijó Olójú-Ìwé Méjì

Òórùn kẹrosíìnì àti káfúrà ni yóò kọ́kọ́ kí ọ bí o bá wọ pálọ̀ Màmá, kí Màmá fúnra wọn tó kí ọ. Inú àpótí aṣọ ni káfúrà wà. Kẹrosíìnì ní tirẹ̀ wà nínú àwọn agolo mílíìkì lábẹ́ ẹsẹ̀ píánò, nítorí ikán. Ìwọ náà mọ ikán Ìlá: ohun tí kò bá ti rìn, oúnjẹ wọn ni. Ọwọ́ tíṣà òyìnbó kan tó ń padà sílé ni Màmá ti gba píánò ọ̀hún nígbà èwe wọn, ọkọ̀ tí ń kó iṣu ni wọ́n sì fi gbé e wọ ìlú. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, igi rẹ̀ á máa dún fúnra rẹ̀ níbi tó wà ní kọ̀rọ̀.

Èmi kì í ṣe ọ̀gá nínú dùùrù títẹ̀ o. Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Kíbọ́ọ̀dù ilé ìjọ ni mo fi kọ́ orin mímọ́, èmi ni mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí atẹdùùrù wa bá rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ àwọn ijó kúkurú kan lórí fóònù, ijó àwọn òyìnbó tó ti kú tipẹ́, tí wọ́n ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìfẹ́ wọn sì kó sí mi lórí. Kò sí èyí tó gùn nínú wọn. Ojú-ìwé méjì, ó ti parí. Kí o tó ráyè jókòó dáadáa, ó ti ní ó dàbọ̀. Ọwọ́ òsì á tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á fò sókè lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ bí ẹni tí kò gbọ́ pé wọ́n ń jó. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ìbànújẹ́ tó wà nínú wọn. Ijó tiwa, bó jẹ́ ti òkú àgbà pàápàá, a máa ń wá ayọ̀ sí i. Àwọn wọ̀nyí ń jó lọ, wọ́n ń sunkún lọ. Mo máa ń bi ara mi pé irú èèyàn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo lọ bẹ Màmá pé kí wọ́n kọ́ mi. Tíṣà orin ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ọkọ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, sì ti ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama rí. Màmá ní ojú àwọn ti rẹ̀, kí n wá ẹlòmíràn lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí padà. Nígbà tí mo wọlé, Bàbá wà lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń wo ọ̀nà Òkè-Ìlá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá dá mi lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n sì bi mí bóyá ìyá mi ti ti oko dé. Ìyá mi ò sí láyé mọ́, kò sì dá oko rí.

Màmá fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ọmọ mi, Bàbá ò mọ̀ mí mọ́," ni wọ́n wí, bí ẹni ń sọ pé omi ti tán nínú kòkò. Nọ́ọ̀sì ni Bàbá ń pè wọ́n báyìí. Nígbà mìíràn Bàbá á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ sílé, nítorí ìyàwó òun ń retí òun. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí Màmá bá jókòó sídìí dùùrù, píánò inú kọ̀rọ̀ yẹn, tí wọ́n tẹ ijó kan báyìí, èyí tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, Bàbá á dìde, á na ọwọ́, á pe Màmá ní Àṣàkẹ́. Oríkì Màmá nìyẹn. Àwọn àgbà tó lè fi pè wọ́n ti kú tán; ó ku Bàbá nìkan.

"Ṣùgbọ́n tí mo bá dìde pé kí n bá wọn jó, orin á dá," ni Màmá wí. "Tí orin bá sì ti dá, wọ́n á jókòó. Ó tún parí nìyẹn."

Mo ní ṣé kí a gbé orin náà sí i lórí fóònù ni. Màmá ní àwọn ti ṣe é; Bàbá kàn ń wo òrùlé ni, wọn ò mira. Àfi dùùrù yẹn, àfi kí èèyàn jókòó síbẹ̀.

"Mo fẹ́ bá ọkọ mi jó kí wọ́n tó lọ tán," ni Màmá wí. "Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ yá."

Báyìí ni mo ṣe di ọmọ ilé ìwé Màmá. Bí mo bá ti jáde níbi iṣẹ́, ọ̀kadà á gbé mi lọ tààrà. Ìṣòro mi kò ju ẹyọ kan lọ: orin mímọ́ ti bà mí lọ́wọ́ jẹ́. Bí mo bá ti dé ìparí ìlà, mo máa ń dúró, bí a ti ń ṣe kí ìjọ lè mí.

"Ta lò ń dúró dè?" ni Màmá á wí. "Ìjọ ò sí níbí o. Ijó lò ń tẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti gbéra nílẹ̀, o fẹ́ kó rọ̀ sókè?"

Wọ́n á fà mí dìde, èmi obìnrin tí mo tóbi tó báyìí, a ó jọ máa gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta láàárín àwọn àga. Lọ́jọ́ kan Bàbá rẹ́rìn-ín láti ibi fèrèsé, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò mọ ijó." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí.

Lẹ́yìn èyí ni Màmá ń tẹ ijó náà fún mi lọ́jọ́ kan, kí n lè gbọ́ bó ti yẹ kó rí. Ọwọ́ Bàbá gbéra lórí àga, ṣùgbọ́n orúnkún ò tẹ̀ lé e. Ọwọ́ náà dúró díẹ̀, ó sì padà sí itan. Màmá ò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn. Ẹ̀rù bà mí gan-an pé ọwọ́ mi ò ní tètè mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì ọ́fíìsì. Ọ̀gá mi bi mí bóyá èèrà ń jẹ mí ni.

Ọ̀sán Sátidé kan, lẹ́yìn òjò, Màmá ní mo ti lè tẹ̀ ẹ́ wàyí. Wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún Bàbá. Màmá fúnra wọn wọ gáùn búlúù, wọ́n fi pàúdà sójú, wọ́n sì mú bàtà ijó kan jáde láti inú àpótí káfúrà yẹn. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀.

Mo gbọ́ tí àga dún. Bàbá ti dìde. Inú mi dùn débi pé mi ò wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ni mò ń gbọ́, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan bà lé mi léjìká, ó fúyẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Àṣàkẹ́," ni Bàbá wí, "dìde, ká jó."

Èmi àti Màmá, kò sí ẹni tó ro èyí nínú wa. Ìdí dùùrù ni Bàbá ti ń rí ìyàwó wọn láti ìgbà èwe; ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ni Àṣàkẹ́. Ọwọ́ mi fẹ́ dá.

"Má dúró," ni Màmá wí fún mi. Wọ́n rìn yípo wá síwájú Bàbá, wọ́n fi orúnkún kan kanlẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà tí kò mọ̀ rí. "Ẹ má bínú, sà. Àṣàkẹ́ ń tẹ dùùrù lọ́wọ́. Ó ní kí n bá yín jó."

Bàbá wò wọ́n. "Ṣé ó gbà?"

"Ó gbà, sà."

Bàbá wá di ọwọ́ Màmá mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí yí. Mo ń rí wọn nínú dígí àwòrán tó wà lórí dùùrù. Bàbá jìnnà sí Màmá díẹ̀, bí ọkùnrin tó mọ ara rẹ̀ ṣe ń bá obìnrin tí kì í ṣe tirẹ̀ jó.

"Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n tẹ̀, àbí?" ni Bàbá wí.

"Ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ gan-an, sà," ni Màmá dáhùn.

Bí mo bá ti dé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kejì, mo ń padà sí òkè ti àkọ́kọ́, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá parí, ó parí nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ò ríran mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń lọ. Nígbà tó rẹ Bàbá, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, Màmá sì mú wọn padà sórí àga.

Bàbá ò tún dìde sí ijó náà mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n kú. Orin mímọ́ ni mo tẹ̀ níbi ìsìnkú wọn, mo sì dúró ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan kí ìjọ lè mí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó láyà láti bi Màmá ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi. Wọ́n wà lórí àga Bàbá nígbà náà, wọ́n ń wo ọ̀nà. Mo ní, "Màmá, ṣé ó dùn yín pé wọn ò mọ̀ yín lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó dùn mí," ni Màmá wí. "Ó ṣì ń dùn mí báyìí. Ṣùgbọ́n ṣé o ò gbọ́ ohun tí wọ́n béèrè ni? Wọn ò mọ ilé, wọn ò mọ ojú mi, síbẹ̀ wọn ò bá àlejò jó títí wọ́n fi gbàyè lọ́wọ́ mi."

Láti ìgbà náà, mi ò bi ara mi mọ́ pé irú èèyàn wo ló ń jó tó ń sunkún. Mo ti mọ̀ wọ́n, mo sì ti tẹ dùùrù fún wọn. Bí mo bá tẹ ijó náà báyìí, tí mo dé ìsàlẹ̀ ojú-ìwé kejì, ó máa ń ṣòro fún mi láti gbọ́wọ́ kúrò.