Eku Mẹ́wàá ní Òmù

Ìyanṣẹ́lódì ní yunifásítì ló jẹ́ kí n kó eku funfun mẹ́wàá wá sí ilé wa ní Òmù. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nígbà náà. Àwọn tó ń bọ́ ẹran ní ilé ìwádìí ti tilẹ̀kùn lọ. Bí mo bá fi eku náà sílẹ̀, ebi ni yóò pa wọ́n. Láti Ìdó dé Òmù, gbogbo fèrèsé takisí ni awakọ̀ ṣí sílẹ̀ nítorí òórùn wọn.

"Eku lo kó wá ulé?" ni ìyá mi wí. Ó ti rẹ òun náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tọ́jú. Tíṣà ni, kí ojú ọ̀tún rẹ̀ tó ṣókùnkùn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó kọ iṣẹ́. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ló kọjú ìjà sí ọpọlọ ẹ̀gbọ́n mi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe yan iṣẹ́ yìí. A máa ń lọ ọpọlọ ẹran pọ̀ mọ́ òróró, a ó fi gún eku lábẹ́rẹ́, kí ara rẹ̀ lè ṣi ìjà jà bẹ́ẹ̀, kí a sì mọ bí àrùn náà ṣe ń ṣe.

Mo ti gún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yìí kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀. Ìrù ló kọ́kọ́ ń rọ, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Láràárọ̀ ni mò ń gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí mò ń gbé oúnjẹ síwájú èyí tí kò lè rìn. Bí mo bá parí, màá gbé ẹ̀gbọ́n mi dìde, màá wẹ̀ fún un. Nígbà mìíràn, orí àpótí tí mo jókòó sí ni oorun ti ń gbé mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, eku kan dìde. Kó tó di ọjọ́ mélòó kan, púpọ̀ nínú wọn ti ń rìn.

"Kí lo fún wọn?" ni ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

"Mi ò fún wọn ní nǹkan kan. Irú eku yìí, ara wọn máa ń ṣíwọ́ ìjà fúnra rẹ̀."

"Tèmi ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

"O ò ṣẹ̀ mí. Fún wọn lómi."

Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì parí tí a wọlé padà, ọ̀jọ̀gbọ́n mi ní eku tó ti gbé inú ilé èèyàn kò ṣeé fi ṣèwádìí mọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún kejì, ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá rìn fún oṣù díẹ̀. Ó padà sí kíláàsì, ó ń jókòó kọ́ àwọn ọmọ. Àárín ẹ̀kọ́ ìṣirò ni ẹsẹ̀ tún kọ̀ fún un. Nígbà tí mo dé, mo ní ká tètè máa lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn ná.